Òrùka Ara Ìbọn Orval Haskett

Rosebud, Montana,
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, 1976.

Merle ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Coral ìyàwó rẹ ńkọ́? Nerida ọmọ yín ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó yọ ti hù padà? Àwa náà ń bẹ níbí. Bí mo bá bèèrè ìdí tí a kò fi rí lẹ́tà rẹ láti Ọdún Àjíǹde, wàá ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mi ò ní bèèrè. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ìwọ náà sì ti kà á.

Ìbàdí bàbá rẹ kò jẹ́ kó lè gun ẹṣin mọ́. Lóṣù tó kọjá, ó fẹ́ gun akọ ẹṣin pupa yẹn. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni tí ń gbọn ẹní, kó má baà mọ̀ pé mò ń wo òun. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, kò lè gùn ún. Ló bá fa ẹṣin náà padà sílé rẹ̀ bí ẹni tó kàn mú un jáde kó lè gbatẹ́gùn. Kò sọ fún mi, èmi náà kò sì sọ pé mo rí i. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán ló ní, “Leota, ó tó gẹ́ẹ́.”

Nítorí náà, a ó ta àwọn màlúù tó kù kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Dokken tó bá wa pààlà ló máa gba ilẹ̀, a ó sì kó lọ sí ilé kékeré kan nílùú nígbà tí òtútù bá rọlẹ̀. Mo ti ń pín ẹrù. Àwọn àwo ìyá mi, mo ti di tìrẹ sọ́tọ̀. Inú mi ò bàjẹ́ tó bí mo ṣe rò pé yóò bàjẹ́ nípa ilé yìí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí, òun ni mo sì ń kọ̀wé lé lórí.

Ìbọn bàbá àgbà rẹ, ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tó kọ́ sórí èèkàn ara ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn kíṣíìnì, bàbá rẹ ní òun fẹ́ tà á. Ọkùnrin kan wà ní Billings, Sundvall lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa díye lé irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe gbàǹjo wọn ní Oṣù Kẹta. Mo ní, “Orval, ìbọn bàbá rẹ nìyẹn o.” Ó ní, “Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún?” Mo ní, “O ṣáà bímọ.” Ó ní, “Ọmọ yẹn ò bèèrè.”

Merle, fetí sílẹ̀ dáadáa. Kò sọ pé òun ò ní fún ọ. Ó ní o ò bèèrè ni. Mo ti bá ọkùnrin yìí gbé fún ọdún mọ́kànlélógójì, mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ìlà kan péré ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Kọ ọ́ sí i pé o fẹ́ ìbọn náà. Má yọ ara rẹ lẹ́nu lórí bóyá wọ́n á jẹ́ kó o gbé e wọ Ọsirélíà. Yóò máa kọ́ lọ́dọ̀ mi títí ẹsẹ̀ rẹ á fi kan ilé. Bóyá ìyẹn gan-an ni mò ń wá.

Kí Nerida fún mi.

Èmi ìyá rẹ,
Leota.


Kurrajong Bore, Àríwá Ọsirélíà,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, Oṣù Kẹwàá, 1976.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá. Ara wa le. Ooru ti dé síbí, débi pé ajá ń sùn nínú ọpọ́n omi ẹṣin, àwọn ẹṣin sì ń wò ó bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Eyín Nerida ti hù, ó wọ́ díẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Coral ń kí yín. Ẹ má bínú nípa lẹ́tà. Iṣẹ́ kíkó màlúù jọ ni kò jẹ́ kí n rí ìsinmi, kì í ṣe pé mo gbàgbé yín.

Ó dùn mí nípa ìbàdí Bàbá, ó sì dùn mí nípa ilé. Ẹ bá mi fi àwo náà pamọ́.

Ní ti ìbọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ràn ìdáhùn yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Bàbá ń fi òróró nu ìbọn náà lórí tábìlì, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n rí ìlà tín-ín-rín kan tó yí irin róbótó tí ọta ń wọ̀ po, bí òrùka. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní èmi ni mò ń fi í ṣeré nígbà tí wọn ò sí nílé. Mo ní mi ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún bi mí, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò nà mí. Ì bá sàn ká ní wọ́n nà mí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ń fi irin gbígbóná sàmì sára àwọn ọmọ màlúù. Dokken wà níbẹ̀, gbogbo aládùúgbò wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n fi sẹ́nu géètì kí n máa kà wọ́n. Nígbà tí mo pe iye tí mo kà, Bàbá ní, “Ẹ bá mi tún un kà o. Ẹni tó lè purọ́ nítorí ìbọn á purọ́ nítorí màlúù.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un kà, iye tí mo pè náà ni wọ́n bá, síbẹ̀ ẹ̀rín tí wọ́n ti rín mi kò ṣeé gbà padà. Láti ọjọ́ náà títí mo fi wọkọ̀ ojú omi, kò sẹ́ni tó tún ní kí n ka nǹkan kan ní gbogbo àfonífojì yẹn. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ ń pín kọfí.

Ṣé ohun tí wọ́n fi bà mí lórúkọ jẹ́ náà ni kí n wá máa tọrọ? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tún ìbàdí wọn ṣe. Kò sí ìbínú nínú ohun tí mo sọ yìí. Ó ti rẹ̀ mí ni.

Èmi ọmọ yín,
Merle.


Rosebud, Montana,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 1976.

Merle ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Coral, mo kí eléyín wíwọ́. Lẹ́tà rẹ dé. Mi ò kà á sí bàbá rẹ létí. Mo fi sábẹ́ ìyẹ̀fun nínú páànù, nítorí mo mọ̀ pé kì í débẹ̀. Òótọ́ lo sọ nípa kọfí. Mi ò ní àwíjàre kankan.

Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà. Jókòó kó o tó ka èyí tó kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá la lọ sí Billings. Mo ti rò pé arúgbó kan ni Sundvall yóò jẹ́, àṣé kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, ó wọ súwẹ́tà tí ẹnìkan fi ọwọ́ hun fún un, kò sì sáré sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sórí tábìlì, ó gbé ìbọn náà lé e. Ó kọ́kọ́ wo orí àwọn síkúrù tí wọ́n fi dè é, ó ní inú òun dùn pé kò sí ọ̀bọ kankan tó ti fi irin àìtọ́ yí wọn. Ó wo àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ní wọ́n bára mu, kò sí ibì kankan tí wọ́n pààrọ̀. Ó tan iná kékeré sínú ihò rẹ̀, ó pa ojú kan dé. Ó ní bí wọn kò ṣe fi nǹkan dán an kó máa tàn ló jẹ́ kó níye lórí, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ìmọ́tótó ba tiwọn jẹ́. Inú bàbá rẹ ń dùn, ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí àga.

Lẹ́yìn náà ló rí òrùka yẹn. Kí ó tó la ẹnu, bàbá rẹ ti sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ mi ló ṣe ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà, ó ń fi í ṣeré.”

 Sundvall yí ìbọn náà sọ́dọ̀ bàbá rẹ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi mú un, kẹ́ ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é nílé.”

“Mo wá kó o lè wò ó fún mi ni, kì í ṣe kí n wá ṣeré fún ẹ.”

“Gbogbo ẹni tó bá wá ni mo máa ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ọwọ́ ẹni tó ni ín ló máa ń sọ ohun tí ojú irin ti rí.”

Bàbá rẹ bá mú un. Ó fi àtàǹpàkò fa òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lu ọta dé ìdajì, ó dún kẹ́, kẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yí irin róbótó náà, ó wò ó bóyá ọta wà níbẹ̀, ó pa á dé, ó sì rọra dá òòlù náà padà sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó gbé e sílẹ̀, ó fi ọwọ́ yí irin náà títí ó fi jókòó dáadáa.

Sundvall ní, “Ẹ tún un ṣe fún mi.” Ó tún un ṣe. Sundvall bá gbé gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi lé e lọ́wọ́, ó sì tọ́ka sí ojú òrùka náà. Ìlà tuntun kan wà nínú ti àtijọ́, ó ń dán. Èmi náà wò ó, mo rí i.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí, kó o lè mọ̀. Eyín kékeré kan wà lábẹ́ irin tó ń yí. Bí a bá fa òòlù dé ìdajì tí a sì dá a padà láti ibẹ̀, eyín yẹn á yọ sókè níbi tí kò ní ilé, á sì máa ya irin náà bó ṣe ń yí. Ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fà á dé òpin ná, yóò dún lẹ́ẹ̀mẹrin, kó tó rọra dá a padà. Nígbà náà ni eyín á bọ́ sínú ilé rẹ̀, kò ní ya ohunkóhun. Ó ní, “Ọmọdé tó ṣeré lọ́jọ́ kan ò lè ṣe irú òrùka yìí, sà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ṣe é.”

Sundvall bi bàbá rẹ pé ta ló kọ́ ọ ní ìlò rẹ̀. Bàbá rẹ ní, “Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ẹṣin tẹ bàbá mi pa. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gbé ìbọn náà kúrò lórí èèkàn, wọ́n gbé e fún mi.” Merle, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ ọ rí kó sọ ìyẹn.

Bàbá rẹ tún fi gíláàsì náà wo òrùka yẹn. Ó wá ní, “Èló ni òrùka yẹn mú kúrò lórí rẹ̀?”

Sundvall ní, “Bí ọgọ́rùn-ún dọ́là.”

Bàbá rẹ ní, “Ó ti ná mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó wakọ̀ títí a fi kọjá ìlú Hysham. Ibẹ̀ ló ti ní, “Leota, ọmọ yẹn sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. 

Merle, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń gbọ́ kẹ́, kẹ́ yẹn láti ibi ìdáná. Mo rò pé bí ìbọn ṣe ń dún nìyẹn.

Gbàǹjo jẹ́ ọjọ́ karùn-ún Oṣù Kẹta. A gbé ìbọn náà padà bọ̀ wálé ná; Sundvall ní bí a kò bá fẹ́ tà á mọ́, kí a sọ kí Oṣù Kejì tó parí. Bàbá rẹ ní bó o bá fẹ́ ẹ, wàá sọ, bó ò bá sì fẹ́ ẹ, òun ò ní dá ọ lẹ́bi. Ó jókòó láti kọ̀wé sí ọ. Ó kọ “Merle” sórí bébà, ó wà níbẹ̀ títí mo fi nílò tábìlì láti gbé oúnjẹ sílẹ̀. Bébà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Dá mi lóhùn náà.

Ìyá rẹ,
Leota.


Rosebud, Montana,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, Oṣù Kìíní, 1977.

Merle,

Mo kí gbogbo yín. Mi ò rí èsì. Bóyá lẹ́tà mi sọnù, bóyá o kà á tí inú sì bí ọ, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bínú sínú ìwé kí n rí i kà. Ìdákẹ́ ni mi ò lè fara dà.

Yìnyín ti bo géètì dé ìdajì. Àpótí lẹ́tà wà lójú títì, o mọ bó ṣe jìnnà tó láti ẹnu ilẹ̀kùn. Èmi ni mo máa ń lọ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bàbá rẹ ló ń lọ, pẹ̀lú ọ̀pá àti ìbàdí yẹn. Bó bá dé, á ní, “Ìwé iná mànàmáná ni,” tàbí, “Ti àwọn tó ń ta irúgbìn ni,” á sì bọ́ bàtà rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mi ò kì í bi í. Tí mo bá bi í, yóò mọ̀ pé mo mọ ohun tó ń wá.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀. Lálaalẹ́ ló ń gbé ìbọn náà kúrò lórí èèkàn, tó ń jókòó sídìí tábìlì. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi ìdáná. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Lẹ́yìn náà, ó máa ń pẹ́ kó tó dá òòlù náà padà, nítorí àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì fẹ́ kó já bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Oṣù Kejì kì í gùn. Kọ̀wé.

Leota.


Kurrajong Bore, Àríwá Ọsirélíà,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì, 1977.

Màmá mi,

Ẹ dárí jì mí. Òní ni lẹ́tà yín méjèèjì dé, pa pọ̀, nínú àpò kan náà. Òjò bẹ̀rẹ̀ síbí kí Kérésìmesì tó dé, kò sì dáwọ́ dúró títí di ọ̀sẹ̀ yìí. Odò gba ojú ọ̀nà, pápá tí ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó lẹ́tà máa ń balẹ̀ sí di ẹrẹ̀, ìyẹ̀fun gan-an tán nílé fún ọjọ́ mélòó kan. Mi ò dákẹ́ sí yín. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń sọ̀rọ̀ ni.

Awakọ̀ òfuurufú ń dúró dè mí lórí pápá, ó ní òjò mìíràn ń bọ̀, nítorí náà ẹ má wo bí ìwé yìí ṣe rí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú bí mi gan-an ni. Mo jáde lọ, mo rìn yí ọgbà ẹṣin ká nínú ẹrẹ̀. Mo ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Màmá, nítorí eyín kékeré kan. Mo ní nítorí kí ni mo ṣe ń gbé níbí, tí ọmọ mi ò mọ bí yìnyín ṣe rí. Mo sọ ọ́ sókè. Àwọn ẹṣin nìkan ló gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo tún lẹ́tà yín kà, mo dé ibi tí wọ́n ti gbé ìbọn fún ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìsìnkú. Mo dúró síbẹ̀. Nerida ti pé ọdún méje. Bí ẹṣin bá pa mí lọ́la, ta ni yóò fi ohunkóhun hàn án?

Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n má tà á. Mo fẹ́ ẹ. Mo bèèrè rẹ̀, ẹ gbọ́ o, mo ti bèèrè. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa òrùka yẹn rẹ́, bó ṣe rí ni mo fẹ́ ẹ. Bí òjò bá dáwọ́ dúró tí a sì ta màlúù, èmi, Coral àti Nerida ń bọ̀ wálé.

Mo mọ ọjọ́ òní. Mo mọ̀ pé ìwé yìí lè pẹ́ kó tó dé. Bó bá pẹ́, ẹ bẹ Sundvall.

Ọmọ yín,
Merle.


Rosebud, Montana,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹta, 1977.

Merle ọmọ mi,

Ọlọ́run ṣeun pé ẹ wà láàyè. Kí Coral, kí ọmọ mi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ èyí kó má dùn ọ́, nítorí náà mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n ti tà á. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tà á, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni lẹ́tà rẹ dé.

Lọ́jọ́ tí Oṣù Kejì parí, bàbá rẹ lọ síbi àpótí lẹ́tà ní àárọ̀, ó sì tún lọ ní ọ̀sán, nígbà tó mọ̀ dájú pé ọkọ̀ lẹ́tà ti kọjá. Ó dé, ó ní, “Ìdákẹ́ náà èsì ni, Leota. Ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́.” Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Ó ní tí òun bá fi pamọ́ lẹ́yìn tó o ti kọ̀ ọ́, bí ẹni tó ń fi tipátipá mú ọ ni. Mi ò ní dá a lẹ́bi, ìwọ náà má dá a lẹ́bi. Òjò ni.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ìdílé tó ni ín máa ń kọ ìwé lé e, wọ́n á sọ ẹni tó rà á, ibi tó ti gbé, wọ́n á sì búra sí i. Ìbọn àti ìwé kì í pínyà mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá rà á, títí láé, á gba méjèèjì. Sundvall ti bá wa kọ ọ́ sílẹ̀, ó dára. Ó sọ nípa bàbá àgbà rẹ, ó sọ nípa àfonífojì wa. Nípa òrùka, ó kọ ọ́ pé ó wà níbẹ̀ nítorí ọjọ́ orí àti ìlò.

Bàbá rẹ kà á tán, ó ní, “Ìyẹn ò pé.” Ó ní kí wọ́n kọ ẹni tó ṣe é.

Sundvall ní, “Sà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ báyìí. Àwọn tó ń rà á fẹ́ràn kí wọ́n máa rò pé ọwọ́ akọni kan ló ṣe é. Bẹ́ ẹ bá kọ òótọ́, owó rẹ̀ á wálẹ̀.”

“Jẹ́ kó wálẹ̀.”

“Ta ló máa bi yín, sà? Ta ló máa mọ̀?”

“Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ èyí tí mo sọ tẹ́lẹ̀,” ni bàbá rẹ wí. “Èmi náà fẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ èyí.”

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sísàlẹ̀. Sundvall fún wa ní ẹ̀dà kan, mo fi í sínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un kọ síbí, bó bá lọ sọnù. Ó ní:

“Òrùka tó wà lára ìbọn yìí, èmi Orval Haskett ni mo ṣe é, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n lò. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé Merle ọmọ mi ló ṣe é. Kò fọwọ́ kàn án rí. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, òótọ́ ló sì sọ.”

Owó náà wálẹ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin kan láti Amarillo ló rà á. Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, bàbá rẹ kà á lójú títì, lẹ́bàá àpótí, nínú atẹ́gùn. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó kà á, ó yí padà bí ẹni tó fẹ́ máa bọ̀ wálé, ó tún dúró, ó tún un kà. Nígbà tó wọlé, kò bọ́ bàtà. Ó lọ tààrà sídìí tẹlifóònù, òun tí kì í fẹ́ gbé e tó bá dún, ó pe Sundvall, Sundvall pe Amarillo. Bàbá rẹ ní òun á san ju iye tí ọkùnrin náà rà á lọ.

Ọkùnrin náà kọ̀. Ó ní ká ní ìbọn lásán ni, òun á dá a padà. Ó ní òun ti ka ìwé tó wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọmọ òun, òun ò lè tà á mọ́.

Bàbá rẹ gbé tẹlifóònù náà sílẹ̀. Ó ní, “Ó bèèrè, Leota. Ó mà bèèrè o.” Ó lọ jókòó sídìí tábìlì, ibi tó máa ń jókòó sí. Èèkàn yẹn ṣì wà lára ògiri. Mo fẹ́ fi aṣọ ìdáná mi kọ́ sórí rẹ̀, mi ò lè ṣe é.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ní alẹ́ tó ṣáájú kí a tó gbé e lọ, àtàǹpàkò rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́.

Ìyá rẹ,
Leota.


Kurrajong Bore, Àríwá Ọsirélíà,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹrin, 1977.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú ìbàdí yín. Ẹ kú ìrìn ojú títì nínú yìnyín, Màmá ti sọ fún mi, ẹ má bínú sí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo kọ̀wé sí yín ní orúkọ yín. Mo kọ “Bàbá mi” sórí bébà, ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó rí nǹkan mìíràn kọ. Ó jọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Mo gba ẹ̀dà ìwé yín. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti kà á. Mi ò ní purọ́ fún yín, ì bá wù mí kí ẹ ti kọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, kí Dokken sì kà á sókè lẹ́nu géètì. Ọdún tó ti lọ ti lọ. Ó ń dùn mí, ó sì ṣeé ṣe kó máa dùn mí títí, ṣùgbọ́n kò dùn mí lọ́nà tó ń gbà dùn mí tẹ́lẹ̀.

Ẹ má pe Amarillo mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn àti ọmọ rẹ̀ máa gbé e. Inú mi dùn pé ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí mọ̀ pé mi ò purọ́.

Màlúù ti tà. A ó dé ní ìparí Oṣù Kẹfà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ dúró dè wá kí ẹ tó kó kúrò, ẹ má sì yọ èèkàn yẹn lára ògiri. Nerida ka ìwé yín àti lẹ́tà Màmá, ó ní kí n fi han òun bí wọ́n ṣe máa ń dá òòlù ìbọn náà padà kó má baà ya á. Mo la ẹnu láti sọ ohun tí Màmá kọ fún un, mo wá rí i pé ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sẹ́ni tó fi hàn mí rí, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe fi hàn yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n nínú ilé wa.

Nítorí náà, bí a bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sídìí tábìlì yẹn, kí èmi àti ọmọ mi jókòó síwájú yín, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ òfìfo kọ́ wa.

Ọmọ yín,
Merle.